Ilé Ọba Tó Jó: Bí Wọ́n Ṣe Ń Sọ Àwọn Ìlú Àtijọ́ Dọ̀tun ní Ireland, àti Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Náà Kàn Wá

Ọ̀rọ̀ owó-orí ni mo sábà máa ń bá yín sọ níbí. Owó máa wọ inú ọ̀rọ̀ tòní náà, torí iṣẹ́ mi nìyẹn, ṣùgbọ́n ilé la máa fi bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi àti àbíkẹ́yìn mi jọ ń rìn lọ lójú pópó ńlá ìlú tí à ń gbé. A dúró níwájú ilé alájà mẹ́ta kan. Nísàlẹ̀, àwọn tó ń tún fóònù ṣe ló wà níbẹ̀. Lókè, gíláàsì fèrèsé ti fọ́, ẹyẹlé ń wọlé ń jáde, koríko sì ti hù létí òrùlé. Ọmọ náà ní, “Dádì, kí ló dé tí wọn ò wó ilé yìí dànù, kí wọ́n kọ́ tuntun?” Mo fẹ́ dáhùn, àmọ́ mo rí i pé èmi fúnra mi ò mọ èsì rẹ̀ dáadáa.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ìdílé kan nínú ìjọ wa ń sáré kiri nítorí pé ẹni tó ni ilé tí wọ́n ń gbé fẹ́ tà á. Tọkọtaya pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, wọn ò rí ilé rẹ́ǹtì. Ọ̀rọ̀ méjèèjì wá pàdé lọ́kàn mi: ilé òfìfo lókè, èèyàn tí kò nílé nísàlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé, mo ń bi àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ là yé yín.

Nígbà ìkànìyàn ọdún 2022, ilé 166,752 ni wọ́n kà pé ó ṣófo ní Ireland, láìka àwọn ilé ìsinmi mọ́ ọn. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ti di àpatì o. Òmíràn wà lọ́jà títà, òmíràn ẹni tó ni ín ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, òmíràn wọ́n ń tún un ṣe lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rìn láàárín ìlú kékeré èyíkéyìí níbí á rí i pé àwọn tó ti di àpatì kò kéré.

Kí ló lé àwọn èèyàn kúrò lókè ṣọ́ọ̀bù?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ìlú wọn ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ìlú ní Ireland ní ojú pópó ńlá kan, gbàgede ọjà, ilé ẹjọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti báńkì. Ilé fara ti ilé, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wọn tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gùn lọ sẹ́yìn. Nísàlẹ̀ ni wọ́n ti ń tajà, lókè ni ọlọ́jà àti ìdílé rẹ̀ ń sùn. Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí bí àwọn ìyá wa ṣe ń tajà nísàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìsàlẹ̀ Èkó.

Nígbà tí mọ́tò pọ̀, àwọn èèyàn kọ́ ilé sí ẹ̀yìn ìlú, níbi tí ọgbà wà tí ibi ìgbọ́kọ̀sí sì wà. Lẹ́yìn náà ni súpámákẹ́ẹ̀tì ńláńlá tẹ̀ lé wọn jáde. Ọlọ́jà tó kù láàárín ìlú fẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fẹ̀ sí i, ló bá yọ àtẹ̀gùn tó lọ sókè. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀nà àtigòkè mọ́ àyàfi kéèyàn gba inú ṣọ́ọ̀bù kọjá. Òfin ààbò iná wá le sí i, àtisọ òkè náà di ilé gbígbé padà wá ń ná èèyàn lówó ju ti tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí ọrọ̀ ajé Ireland ṣubú ní 2008, àwọn ọlọ́jà mìíràn ti ìlẹ̀kùn wọn, wọn ò sì ṣí i mọ́.

Ìdí kan tún wà tó máa yé wa kíákíá: ogún. Bàbá kú, ó bí mẹ́rin, ọ̀kan wà ní Boston, ọ̀kan wà ní Sydney, àwọn méjì tó kù kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Ta ló máa fọwọ́ sí ìwé? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀rọ̀ ilé ẹbí, mi ò ní láti ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé wọn ò kàn lè wó o ni?

Ọ̀pọ̀ ìgbà, wọn ò lè wó o bó ṣe wù wọ́n. Lábẹ́ òfin ìkọ́lé ọdún 2000, ìyẹn Planning and Development Act, káńsù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Record of Protected Structures. Ilé tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé yìí, òfin ti dáàbò bò ó. Ẹ má rò pé iwájú ilé nìkan ni o. Àtẹ̀gùn inú ilé, ọnà tó wà ní àjà, ibi ìdáná, àti ilẹ̀ tó yí ilé náà ká, gbogbo rẹ̀ ló wà lábẹ́ ààbò, àyàfi tí ìwé náà bá sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Nǹkan méjì ni èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó ni ilé. Àkọ́kọ́, kò gbọ́dọ̀ fi ilé náà sílẹ̀ kó máa wó. Káńsù lè kọ̀wé sí i pé kó tún un ṣe. Èkejì, iṣẹ́ tí ẹlòmíì lè ṣe nílé tirẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni, bíi kó pààrọ̀ fèrèsé, lè gba ìwé àṣẹ níbí tó bá máa yí ìrísí ilé náà padà. Òfin náà ṣí ọ̀nà kan sílẹ̀: Section 57. Ẹ kọ̀wé sí káńsù, kí wọ́n sọ fún yín ní àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tó gba àṣẹ àti èyí tí kò gbà á. Ọ̀sẹ̀ méjìlá ni òfin náà fún wọn láti dáhùn. Òfin tuntun jáde ní 2024 láti rọ́pò ti 2000, ìpele ìpele ni wọ́n sì ń mú un wọlé, nítorí náà ẹ bi káńsù yín bó ṣe wà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó.

Yàtọ̀ sí ilé kọ̀ọ̀kan, káńsù lè sọ odindi òpópónà di Architectural Conservation Area. Níbẹ̀, ìrísí ìta ló jẹ wọ́n lógún jù: bí iwájú ṣọ́ọ̀bù ṣe rí, irú fèrèsé, irú òrùlé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn ilé kan, àkójọ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní National Inventory of Architectural Heritage. Ọ̀fẹ́ ni, àwòrán sì wà níbẹ̀. Mo wá ilé alájà mẹ́ta yẹn níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mi, ó sì yà á lẹ́nu pé ẹnì kan ti jókòó kọ̀wé nípa ilé ẹyẹlé.

Ògiri tó ń mí

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Ilé òkúta àtijọ́ kò dà bí ilé tuntun. Ilé tuntun ní ògiri méjì tí àlàfo wà láàárín wọn, ó sì ní ohun tí wọ́n tẹ́ sísàlẹ̀ kí omi má baà gòkè láti inú ilẹ̀. Ilé àtijọ́ kò ní ìkankan nínú méjèèjì. Òkúta ni ògiri rẹ̀, ó nípọn, láìmù ni wọ́n sì fi mọ ọ́n. Láìmù ni òkúta ẹfun tí wọ́n sun nínú iná, tí wọ́n bu omi sí, tí wọ́n wá pò mọ́ iyanrìn.

Láìmù rọ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí omi gba inú rẹ̀ kọjá. Bí òjò bá pa ògiri, omi á wọlé díẹ̀, nígbà tí atẹ́gùn bá sì fẹ́, á tún jáde. Bíríkìlà tí kò mọ̀ á wá rẹ́ sìmẹ́ńtì mọ́ ọn. Sìmẹ́ńtì le, kì í jẹ́ kí omi kọjá. Bó bá sán díẹ̀, omi á gba ibẹ̀ wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Láàárín ọdún díẹ̀, ògiri inú á máa hu, ọ̀dà á máa ṣí, òpó pákó tó wọnú ògiri á jẹrà. Ẹni tó ni ilé á ní, “Ilé yìí ti gbó.” Ilé ò gbó, aṣọ tí kò jẹ́ kó mí ni wọ́n wọ̀ fún un.

Àwa tí a dàgbà nílé amọ̀ tí wọ́n rẹ́ sìmẹ́ńtì sí lára mọ̀ ọ́n. Bí ọjọ́ bá ti pẹ́ díẹ̀, sìmẹ́ńtì náà á ṣí kúrò lára amọ̀ bí èèpo, torí ara àwọn méjèèjì kò bára mu.

Ìlànà àwọn oníṣẹ́ ilé àtijọ́ rọrùn: òrùlé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, lẹ́yìn náà ọ̀nà omi òjò, lẹ́yìn náà ògiri, ọ̀dà ló kẹ́yìn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Wọ́n tún máa ń sọ pé ohun tó bá ṣeé tún ṣe, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀. Fèrèsé pákó tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún, ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ló sábà máa ń jẹrà. Káfíńtà tó mọṣẹ́ á gé ibẹ̀, á fi pákó tuntun lẹ̀ ẹ́, fèrèsé náà á sì tún lo ọdún pípẹ́.

Àwọn ìlú tó ti ṣe é

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ díẹ̀. Kilkenny ni mo máa fi ṣáájú, torí ìṣirò owó rẹ̀ wù mí. Lọ́dún 1967, ìdílé Butler tó ni ààfin ńlá ìlú náà gbé e fún ìgbìmọ̀ kan tó fẹ́ tún un ṣe. £50 péré ni wọ́n gbà. Ẹ wo ó, àádọ́ta pọ́n-ùn fún odindi ààfin! Ṣùgbọ́n ìnira wà nínú ẹ̀bùn náà: owó àtúnṣe ni owó gan-an. Lónìí, ẹ̀ka ìjọba tó ń jẹ́ OPW ló ń bójú tó o, pápá ńlá ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dún 2017, wọ́n tún sọ St Mary's, ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàlá, di Medieval Mile Museum. Nígbà tí iṣẹ́ ọtí bíà Smithwick's kúrò láàárín ìlú náà ní 2013, ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ń sọ di ọ́fíìsì, ọgbà etí odò àti ibi ìrìn-ẹsẹ̀.

Westport ní County Mayo yàtọ̀. Ìlú tí wọ́n ya pílánì rẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún ni, odò gba àárín rẹ̀ kọjá, igi tò sí etí odò náà. Kì í ṣe ìjọba nìkan ló tún un ṣe. Láti 1958 ni ìdíje Tidy Towns ti wà ní Ireland, níbi tí àwọn ará ìlú fúnra wọn ti ń gbálẹ̀, tí wọ́n ń gbin òdòdó, tí wọ́n ń kun iwájú ṣọ́ọ̀bù. Westport gba ipò kìíní ní 2001, 2006 àti 2008. Lọ́dún 2012, ìwé ìròyìn Irish Times pè é ní ibi tó dára jù lọ láti gbé ní Ireland. Ọlọ́jà tó mọ̀ pé àlejò máa ń wá tìtorí ẹwà ìlú kì í fi àmì onípáálí bo iwájú ilé rẹ̀.

Ní Drogheda, níbi tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé, ilé ìjọsìn àwọn Franciscan ti di ilé àwòrán Highlanes láti 2006. Ní Athy, County Kildare, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Dominican tí wọ́n kọ́ ní 1965, tí òrùlé rẹ̀ tẹ̀ bíi gàárì ẹṣin, di ilé ìkàwé ní 2018. Ẹ kíyè sí i: ilé tí iṣẹ́ rẹ̀ ti tán, wọn ò wó o, iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n wá fún un. Ilé tí èèyàn ń lò kì í tètè wó.

Balbriggan wá ńkọ́? Ìlú yẹn kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà kan, ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń hun níbẹ̀ lókìkí débi pé orúkọ ìlú náà ni wọ́n ń pe ìbọ̀sẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 1920, àwọn Black and Tans, ìyẹn ọlọ́pàá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó wá, sun ilé àwọn èèyàn àti ilé iṣẹ́ ìbọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Ìlú náà tún ara rẹ̀ kọ́. Nígbà ìkànìyàn 2016, òun ni ìlú ńlá tí àwọn ará rẹ̀ kéré lọ́jọ́ orí jù ní Ireland, àwọn ọmọ wa sì pọ̀ nínú wọn. Lọ́dún 2019, Káńsù Fingal gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Our Balbriggan: àtúnṣe Quay Street àti etí èbúté, àti ọ̀nà tó máa so àárín ìlú mọ́ odò Bracken. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n bi àwọn ará ìlú léèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Ìbéèrè mi fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ ni pé: ṣé ẹ dáhùn?

Ojú pópó náà, ilé ni

Títún ìlú ṣe kò mọ sórí ilé nìkan. Àlàfo tó wà láàárín ilé sí ilé, ìyẹn ojú pópó, gbàgede àti etí odò, àwa la ni ín lápapọ̀. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á fẹ ibi ìrìn-ẹsẹ̀, wọ́n á dín ibi ìgbọ́kọ̀sí kù, wọ́n á ri wáyà mọ́lẹ̀, wọ́n á gbin igi, wọ́n á gbé àga kalẹ̀. Ìyá àgbà tó wá kí ọmọ rẹ̀ láti Ìbàdàn á rí ibi jókòó. Ẹni tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ ò ní bọ́ sójú títì.

Ìjà máa ń wà níbẹ̀ o. Àwọn ọlọ́jà á ní bí kò bá sí ibi ìgbọ́kọ̀sí, oníbàárà ò ní wá. Iṣẹ́ á pẹ́ ju iye oṣù tí wọ́n dá, eruku á bo ọjà. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán, torí náà ló ṣe yẹ kí àwa tí a ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ àti ilé ìṣerunlóge sọ tiwa kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí káńsù bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ìlànà Part 8 ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ lé. Wọ́n á gbé pílánì síta fún gbogbo èèyàn wò, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n á sì fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un fún àwọn tó fẹ́ kọ̀wé. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó kọ̀wé lábẹ́ Part 8. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ káńsù tí a dìbò yàn ló sì láṣẹ lórí rẹ̀.

Ìbò tí wọ́n fi ń yàn wọ́n ńkọ́? Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé ní Ireland, tó ti pé ọdún 18, tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé olùdìbò lè dìbò ìjọba ìbílẹ̀, bí kò tiẹ̀ tíì gba ìwé ọmọ ìlú. Rotimi Adebari tó wá láti Òkè-Odàn ní ìpínlẹ̀ Ògùn di olórí ìlú Portlaoise ní 2007. Yemi Adenuga wọ káńsù ní Meath ní 2019. A kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí mọ́.

Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dé ibi tí iṣẹ́ mi wà. Níbo ni owó ti ń wá?

Fún iṣẹ́ ńlá tí káńsù ń ṣe, láti 2018 ni ìjọba ti dá àpò owó méjì sílẹ̀: URDF fún àwọn ìlú ńlá, RRDF fún ìgbèríko àti ìlú tí àwọn ará rẹ̀ kò tó 10,000. Heritage Council náà ń pín owó fún àwọn ìlú àtijọ́ lábẹ́ Historic Towns Initiative. Ní oṣù kejì 2022 ni ìjọba wá gbé ìlànà Town Centre First jáde, pé àárín ìlú ni kí wọ́n kọ́kọ́ máa rò.

Fún ẹni tó ní ilé tí òfin dáàbò bò, Built Heritage Investment Scheme àti Historic Structures Fund wà, tí èèyàn máa ń gbà nípasẹ̀ káńsù. Wọn kì í san gbogbo owó, apá kan ni wọ́n ń san. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣí i, wọ́n sì tètè máa ń tì í.

Èyí tó kan ìdílé wa jù ni Vacant Property Refurbishment Grant, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje 2022. Láti oṣù karùn-ún 2023, iye rẹ̀ lè tó €50,000 fún ilé tó ṣófo, kí wọ́n sì fi tó €20,000 kún un bí ilé náà bá ti bàjẹ́ débi tó fi léwu. Ilé náà gbọ́dọ̀ ti ṣófo fún ọdún méjì, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n kọ́ títí di 2007. Ẹ lè máa gbé inú rẹ̀, ẹ sì lè fi rẹ́ǹtì.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ká ní ẹ ra ilé kan lókè ṣọ́ọ̀bù ní €120,000, iṣẹ́ tó wà lára rẹ̀ sì jẹ́ €80,000. Ẹ fi VAT 13.5% kún un, ìyẹn €10,800, ó di €90,800. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí €50,000 fún yín, €40,800 ló kù fún yín láti wá. Ó dùn létí, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ wo kókó mẹ́ta yìí.

Àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò ni owó ìjọba máa ń jáde. Ẹ gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà san owó oníṣẹ́ ṣáájú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dá àjọ, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣètò irú ẹ̀.

Èkejì, iye tí wọ́n kọ síta kì í ṣe iye tí gbogbo èèyàn máa gbà. Irú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní òdiwọ̀n tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta, owó náà ní okùn nídìí. Bí ẹ bá ta ilé náà tàbí ẹ kó kúrò níbẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún, gbogbo owó náà lẹ máa dá padà. Láti ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá, 75% ni. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ó ti di tiyín. Nítorí náà, ẹni tó ń ronú pé òun máa kó lọ sí Canada lọ́dún tó ń bọ̀, kó rò ó dáadáa.

Ètò mìíràn tún wà, Living City Initiative, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015 fún àwọn àdúgbò kan ní Dublin, Cork, Limerick, Galway, Waterford àti Kilkenny. Ẹ̀dínwó owó-orí ni, wọn kì í gbé owó léni lọ́wọ́. Ẹni tí kì í san owó-orí tó pọ̀ ò ní jèrè púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ bi Revenue nípa àdúgbò àti ilé tó yẹ kẹ́ ẹ tó gbọ́kàn lé e.

Ìjọba tún ní ẹgba lọ́wọ́ kejì. Láti 2023, owó-orí ilé òfìfo ti wà fún ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé tó ọgbọ̀n ọjọ́ lọ́dún. Ibi tó ti bàjẹ́, káńsù lè bù ú lé ẹni tó ni ín láti san 7% iye owó rẹ̀ lọ́dọọdún lábẹ́ òfin Derelict Sites. Ní oṣù kẹwàá 2025, ìjọba kéde pé owó-orí tuntun tí Revenue á máa gbà ló máa rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí ojú ọ̀rẹ́ mi rí

Ọ̀rẹ́ mi kan ra ilé kan lójú pópó ìlú kékeré kan. Ó pọ́wọ́, inú rẹ̀ dùn. Lọ́sẹ̀ kejì tó gba kọ́kọ́rọ́, ó ti kó àwọn oníṣẹ́ wọlé. Wọ́n yọ fèrèsé pákó, wọ́n fi ti oníke síbẹ̀. Wọ́n rẹ́ sìmẹ́ńtì sí gbogbo iwájú ilé. Ó pè mí kí n bá a wá owó ìrànwọ́ ìjọba. Mo bi í pé, “Àbúrò, ṣé o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?” Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó kù díẹ̀ kó parí.” Mo ní, owó ti lọ nìyẹn, torí wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí lẹ́tà fi dé. Ilé náà wà nínú ìwé ààbò. Lọ́yà rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé tó fi ránṣẹ́ sí i, kò kàn kà á ni. Ó gbọ́dọ̀ yọ fèrèsé oníke, ó gbọ́dọ̀ ha sìmẹ́ńtì. Owó tó ná lẹ́ẹ̀kejì tó ra mọ́tò tó dáa. Bí mo ti ń sọ yìí, ìtìjú ni ò jẹ́ kó tètè sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ òpin rẹ̀. Ó rí àgbà káfíńtà kan tó tún fèrèsé ṣe. Wọ́n fi láìmù rẹ́ ògiri. Ìyàwó rẹ̀ ń ta gàrí, èlùbọ́ àti iṣu nísàlẹ̀, àwọn ọmọ ń sùn lókè, iná sì ń tàn lójú fèrèsé tó ti ṣókùnkùn fún ọdún gbọọrọ. Àwọn ará ìlú tó ti ń kọjá níwájú ilé náà láti ìgbà èwe wọn wá ń yà wọlé wá kí wọn. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Ìdí tó fi dùn mí

Nígbà tí mo ń kọ èyí, Ilojo Bar tó wà ní Tinúbú Square ní Èkó ló ń wá sí mi lọ́kàn, ilé àwọn Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Síbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Òfin wà, ṣùgbọ́n òfin tí ẹnikẹ́ni kò dúró tì, ìwé lásán ni. Àwọn ará Ireland náà wó púpọ̀ kí ojú wọn tó là. Ohun tí wọ́n fi yàtọ̀ lónìí ni pé wọ́n ní ìwé, wọ́n ní owó díẹ̀, wọ́n sì ní àwọn ará àdúgbò tó máa pariwo.

Kí lẹ lè ṣe?

1. Bẹ́ ẹ bá rí ilé òfìfo tó wù yín, ẹ pe Vacant Homes Officer ní káńsù yín. Káńsù kọ̀ọ̀kan ló ní.

2. Kẹ́ ẹ tó san owó kankan, ẹ wò ó bóyá ilé náà wà nínú Record of Protected Structures. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ bi Conservation Officer tàbí Heritage Officer léèrè iṣẹ́ tó gba àṣẹ.

3. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ ilé àtijọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe ẹni tó mọ ilé tuntun nìkan.

4. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan títí ìwé owó ìrànwọ́ á fi jáde. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ owó-orí yín àti ti oníṣẹ́ yín mọ́ tónítóní.

5. Iye owó àti òfin máa ń yí padà. Ẹ bi káńsù, ẹ má gbára lé ohun tí ẹnì kan sọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, títí kan èmi.

6. Ẹ fi orúkọ yín sínú ìwé olùdìbò. Bí pílánì Part 8 bá jáde, ẹ kọ̀wé, ojú ìwé kan ti tó.

Ìdílé tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ ti rí ibì kan rẹ́ǹtì fún ìgbà díẹ̀. Àmọ́ wọ́n ti lọ wo ilé kan lójú pópó, wọ́n ti pe káńsù, wọ́n sì ń gbé ìwé owó wọn wá sọ́dọ̀ mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ máa gbọ́ látẹnu mi.

Ní ti ọmọ mi, mo ti dá a lóhùn. Mo ní, “Wọn ò wó o nítorí pé ẹnì kan ṣì lè máa gbé ibẹ̀.” Ó wo òkè, ó ní, “Ta ni?” Ó kù sọ́wọ́ wa o.

Ó dìgbà kan ná. Ọlọ́run á ṣílẹ̀kùn ilé fún gbogbo wa. Àṣẹ.